Ohun tí mo kọ́ nínú ríra katakata kékeré àlòkù lásìkò ọ̀wọ́n gógó ní Abẹ́òkúta

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Èbìbí 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí báńkì àgbà sì jọ̀wọ́ náírà fún ọjà ní oṣù Òkúdù ọdún náà, ni mo ti ń rí katakata àlòkù létí títì ní agbègbè wa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti Lafẹnwá títí dé ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá, wọ́n á gbé e síwájú ilé tàbí síwájú ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, wọ́n á kọ nọ́ńbà fóònù sí i lára pé títà ni. Gbogbo ẹni tó ń tà ló ń sọ gbólóhùn kan náà: "Ọ̀rọ̀ ajé ló fà á." Òótọ́ ni lẹ́nu àwọn kan. Lẹ́nu àwọn mìíràn, katakata ló ń ṣàìsàn, ọ̀rọ̀ ajé kàn jẹ́ aṣọ tí wọ́n dà bò ó. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń gbèrò láti ra tiyín, ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín ni bí mo ṣe ya olùtà méjèèjì yìí sọ́tọ̀, torí ohun tí mo rí ni pé ibẹ̀ gan-an ni èrè tàbí òfò wà.

Oko mi wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá. Gbágùúdá ló pọ̀ jù níbẹ̀, torí àwọn obìnrin tó ń ṣe láfún kò jìnnà sí wa, mo sì ní àkùrọ̀ kan nísàlẹ̀ tí mo ń gbin ìrẹsì sí. Katakata ńlá ni mo máa ń háyà tẹ́lẹ̀, Massey Ferguson 375, tó ní agbára ẹṣin bíi 75, tó ń fa irin ìtúlẹ̀ onídísìkì mẹ́ta. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, mi ò ní sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí lítà dísẹ̀lì kan kọjá ẹgbẹ̀rún náírà, àwọn tó ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yan iṣẹ́. Ẹni tó ní ilẹ̀ tó fẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá lóhùn. Ẹni tó ní éékà méjì-mẹ́ta á máa retí. Òjò àkọ́rọ̀ kì í sì í retí ẹnikẹ́ni. Ní ti àkùrọ̀, katakata tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ kò lè wọ ibẹ̀ láìrì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wá kékeré, èyí tí agbára rẹ̀ wà láàárín 25 sí 35, tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà.

Àwọn ará ilé bi mí pé kí ló dé tí mo fi yan àsìkò tí nǹkan le. Ìdáhùn mi rèé. Kí oṣù Òkúdù 2023 tó dé, náírà bíi 460 ni wọ́n fi ń ṣẹ́ dọ́là kan ní báńkì. Nígbà tó fi máa di oṣù Èrèlé 2024, ó ti kọjá 1,500. Katakata tòkunbọ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní Lagos ti gbé gbogbo ẹrù dọ́là yẹn dání. Ṣùgbọ́n èyí tó ti wà lóko ẹnìkan láti 2019 tàbí 2020, owó ìgbà yẹn ni wọ́n fi rà á. Bí ẹni tó ni ín bá nílò owó, ó lè tà á ní iye tó kéré sí ti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, síbẹ̀ kí náírà tó bọ́ sí i lọ́wọ́ ju èyí tó fi rà á lọ. Ẹni tó tà yóò rí owó lò, ẹni tó rà náà yóò sì rí ohun tó tó owó rẹ̀. Irú katakata bẹ́ẹ̀ ni mo ń wá, èyí tó ti wọ̀lú kí náírà tó já.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni ti àtúnṣe. Owó àtijọ́ ni wọ́n fi rà á, ṣùgbọ́n owó òní la ó fi tún un ṣe. Kò sí ẹ̀yà ara rẹ̀ kan tó níyì tí kì í ṣe òkè òkun ló ti ń wá. Nítorí náà, katakata tí wọ́n bù ní ìdajì owó, tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti lọ, tí pọ́ǹpù dísẹ̀lì rẹ̀ sì ń jò, lè wọ́n ju èyí tí wọn ò bù rárá. Láyé ọ̀pọ̀, èèyàn lè ra ohun tó bàjẹ́ kó sì tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Lásìkò yìí, ara tó le ni kí ẹ fi owó yín rà.

Mi ò sún mọ́ báńkì. Ní oṣù Bélú 2024, báńkì àgbà gbé òṣùwọ̀n èlé rẹ̀ dé 27.50 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí àwọn báńkì ń yá wa sì ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Katakata kékeré kan ò lè pa owó tó máa san irú èlé bẹ́ẹ̀, kó tún bọ́ ẹni tó ni ín. Owó tí mo kó jọ àti ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ni mo lò.

Kí n tó lọ wo èyíkéyìí, mo máa ń bèèrè nọ́ńbà mọ́dẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lórí fóònù, kí wọ́n ya àwòrán irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí. Àwòrán yẹn ni mo ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ládípọ̀ l'Ékòó, àti sí àwọn tó wà ní Gééètì n'Ìbàdàn. Ìbéèrè mi ò pọ̀: ǹjẹ́ ẹ ní àwo kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀? Nọ́sù rẹ̀, èyí tó ń fọ́n dísẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnì, ńkọ́? Fílítà? Sílì iwájú? Bí gbogbo wọn bá ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí, mi ò ní wọ mọ́tò lọ síbẹ̀, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Ó ṣe pàtàkì, ní ti àwọn ti Japan pàápàá. Kubota, Iseki àti Yanmar lẹ ó rí jù nínú àwọn kékeré tòkunbọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ṣe fún àwọn àgbẹ̀ Japan nìkan: èdè wọn ni wọ́n kọ sára lẹ́fà, ìwé ìlò rẹ̀ kò sí lédè tí a gbọ́, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì lè yàtọ̀ sí ti èyí tí ilé-iṣẹ́ kan náà ṣe fún ilẹ̀ mìíràn, bí wọ́n tilẹ̀ jọra lójú. Kì í ṣe àwa nìkan ni èyí yọ lẹ́nu. Ní 1997, àjọ tó ń rí sí ìṣòwò òkèèrè ní Amẹ́ríkà fòfin de kíkó irú Kubota àlòkù bẹ́ẹ̀, tí agbára rẹ̀ kò tó 50, wọ ilẹ̀ wọn, nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà fẹjọ́ sùn pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tó ń tà níbẹ̀. Àwa ò ní irú òfin bẹ́ẹ̀, mi ò sì sọ pé ká ní in, torí àwọn katakata yìí ń ṣiṣẹ́ gidi. Mo kàn ń sọ pé kí ẹ mọ irú èyí tí ẹ ń rà. Béárìnì kì í dà mí láàmú, torí nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ayé: ẹni tó bá rí 6205 lára ti katakata á rí 6205 rà lọ́jà ọkọ̀. Àwo kílọ́ọ̀ṣì, wọ́n lè tún awọ rẹ̀ lẹ̀. Ṣùgbọ́n eyín gíá àti inú pọ́ǹpù dísẹ̀lì, bí wọn ò bá ní in, iṣẹ́ parí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí nípa Massey Ferguson 135 kí n tó máa lọ. Láàárín 1964 sí 1975 ni wọ́n ṣe é, ẹ́ńjìnì Perkins onísílíńdà mẹ́ta sì wà nínú rẹ̀. Ó ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wà á lọ, síbẹ̀ ẹ̀yà ara rẹ̀ ò ṣòro rí, àwọn mẹkáníìkì sì mọ̀ ọ́n dójú àmì. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ nìkan ni mo ní, òun ni ǹ bá rà. Àkùrọ̀ ló mú mi yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Bàbá kan ní Lafẹnwá tó ti ń tún katakata ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ni mo máa ń bẹ̀ pé kó bá mi lọ. Owó iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni mo ń san, yálà mo rà tàbí n kò rà. Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ìyẹn. Mẹkáníìkì tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá rà ló tó máa rí owó gbà, yóò máa wù ú kí ẹ rà.

Ibì kan wà lójú ọ̀nà Èkó tí a lọ. Kubota náà dán lójú, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún lọ́sàn-án àná ni, ọ̀dà náà tiẹ̀ ta sára páìpù àti wáyà. Ẹni tó ń tà á sọ gbólóhùn yẹn: ọ̀rọ̀ ajé. Bàbá ò dáhùn, ó kàn gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnì. Ó gbóná.

"Ọ̀gá, ta ló ti tan án?" 

"A kàn fi gbé nǹkan díẹ̀ láàárọ̀ yìí ni, Bàbá." 

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká padà wá lọ́la, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí a ó fi dé." 

Ọkùnrin náà ní ẹlòmíràn ń bọ̀ wá sanwó nírọ̀lẹ́. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì bọ́ sọ́nà. Nínú mọ́tò ló ti ṣàlàyé fún mi. Ẹ́ńjìnì dísẹ̀lì tó ti rẹ̀, òwúrọ̀ ló máa ń tú àṣírí ara rẹ̀, nígbà tí gbogbo irin rẹ̀ tutù. Bí ríǹgì inú rẹ̀ bá ti jẹ, kò ní lágbára láti fún afẹ́fẹ́ pọ̀ dáadáa, yóò máa pòòyì láìjẹ́ iná. Bó bá ti gbóná tán, ọmọdé pàápàá lè tan án. Ẹni tó ti mú ẹ́ńjìnì rẹ̀ gbóná dè yín ti mọ ohun tó ń sá fún. Láti ọjọ́ yẹn, ohun àkọ́kọ́ tí mo ń ṣe ni pé mo ń fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì kí n tó kí ẹni tó ni ín tán.

Èyí tí mo rà wà lọ́wọ́ ìyá kan tó ń sin adìyẹ. Oúnjẹ adìyẹ ló lé ìyá kúrò nídìí iṣẹ́ náà, àgbàdo àti sóyà gbówó lórí débi pé ẹyin ò lè san owó wọn mọ́. Gbogbo ilé adìyẹ ló ti ṣófo nígbà tí a dé ibẹ̀. Kubota náà dúró lábẹ́ páànù, ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá, ó dọ̀tí, ṣùgbọ́n níbi gbogbo tó yẹ kí gíríìsì wà ni gíríìsì wà. Bàbá ń yí i po, mo rí i pé ojú rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Ẹ kú ìnáwó oko, mà. Ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń mójú tó o?" 

"Èmi àti ọmọ tó ń wà á ni, ọmọ mi. Ẹ dúró kí n mú ìwé rẹ̀ wá." 

Mo rò pé rìsíìtì ni. Ìwé kíkọ ọmọ iléèwé ló mú jáde. Gbogbo ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú déètì àti iye wákàtí tí mítà ń kà lọ́jọ́ náà. Mo fi ìlà tó kẹ́yìn wé mítà tó wà lójú katakata, wọ́n bára mu. Ẹ mọ̀ pé wọ́n lè pààrọ̀ mítà katakata bí ẹni pààrọ̀ aago, ìdí nìyẹn tí a kì í fi gba ohun tó kà gbọ́ lásán. Bàbá máa ń wo rọ́bà ẹsẹ̀ bíréèkì àti ti kílọ́ọ̀ṣì. Bí mítà bá ní iṣẹ́ tó ti ṣe ò pọ̀, tí irin ẹsẹ̀ bíréèkì sì ti ń dán torí pé rọ́bà rẹ̀ ti jẹ tán, mítà ń parọ́. Ti ìyá, gbogbo rẹ̀ ló sọ ọ̀rọ̀ kan náà.

Ẹ́ńjìnì tutù. Bàbá tú ìdérí rádíétọ̀, ó wo omi bóyá ọ́ìlì wà lójú rẹ̀. Ó yọ igi ọ́ìlì ẹ́ńjìnì àti ti gíá, ó wò ó bóyá ó funfun bí omi bá ti wọ̀ ọ́. Ti gíá ló tẹnu mọ́ jù, torí ọ̀pọ̀ katakata Japan ló ti ṣiṣẹ́ nínú ẹrẹ̀ oko ìrẹsì kí wọ́n tó kó wọn wá, omi sì máa ń gba ibi sílì tó ti jẹ wọlé. Ó ní kí ọmọ náà kọ́kọ́ mú iná gbóná díẹ̀ kó tó tan án. Ó jẹ́ iná. Èéfín funfun díẹ̀ jáde, ó sì pòórá. Bó bá jẹ́ àwọ̀ búlúù ló ń bá a lọ, ọ́ìlì ló ń jó. Ó ṣí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí bí ẹ́ńjìnì ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lókè. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde kò ju èémí lọ. Èyí tí ríǹgì rẹ̀ ti kú máa ń tú èéfín gba ibẹ̀ pùú-pùú.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi apá ẹ̀yìn gbé irin tí wọ́n fi ń ro ilẹ̀ sókè, tí wọ́n sì pa ẹ́ńjìnì. A jókòó, ìyá bù omi fún wa. Irin náà ń wálẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀, ó tó àkókò kan kó tó kan ilẹ̀. Bàbá ní sílì inú rẹ̀ ti ń rẹ̀, kò tíì kú. Bó bá jẹ́ pé ó já wálẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni, owó ńlá nìyẹn. A gbé iwájú rẹ̀ sókè lórí jáàkì, a mi táyà. Ti òsì ní àlàfo díẹ̀, ọ́ìlì sì ti ń gba ibẹ̀ yọ. Táyà iwájú méjèèjì ti là. Ìgbẹ́ adìyẹ sì ti jẹ irin apá ẹ̀yìn nísàlẹ̀, torí ìgbẹ́ adìyẹ kì í fi irin sílẹ̀. Ìyá ló fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka sí èyí kí a tó rí i.

A ka àwọn àbùkù náà fún ìyá lọ́kọ̀ọ̀kan, táyà, sílì, bátìrì, a sì sọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ lọ́jà. Iye yẹn ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ. Ó rò ó, ó gbà. Mo mọ̀ pé bí mo bá tún fà á, ó lè tún wálẹ̀ sí i, torí owó iléèwé ọmọ ń dún lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò fà á, mo sì rò pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ìnira mú tó ń ta ohun ìní rẹ̀, ẹ jẹ́ kó fi inú dídùn tà á fún yín. Nítorí bí a ṣe parí ọ̀rọ̀ yẹn, ìyá wọlé, ó kó páálí fílítà tuntun kan tó ti rà pamọ́ wá, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kejì àti nọ́ńbà ọmọ tó ń wà á. Ọmọ yẹn ló kọ́ mi ní ohun tí n kì bá tètè mọ̀: ọ̀pá tó ń yí lẹ́yìn láti fún irinṣẹ́ lágbára, èyí tí wọ́n ń pè ní PTO, ní ju ìwọ̀n eré kan lọ lára katakata Japan wọ̀nyí. Àkọ́kọ́ ló sún mọ́ ìyípo 540 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ wa ń fẹ́. Èyí tó kù ń sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fi lẹ́fà sí ibi tí kò yẹ, nígbà tí kò lè ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, lè fọ́ irinṣẹ́ tàbí kó ṣe ara rẹ̀ léṣe. Mo fi ọ̀dà funfun sàmì sí ti àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ìwé kò gbọ́dọ̀ kẹ́yìn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ, àgàgà lásìkò tí ọ̀pọ̀ nǹkan ń pààrọ̀ ọwọ́. Mo gba rìsíìtì tí wọ́n fi rà á àti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, mo fi nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnì àti ti ara rẹ̀ wé e. A kọ ìwé títà, ẹlẹ́rìí wá láti ọ̀dọ̀ tiwa àti tiwọn, owó sì gba báńkì kọjá kó lè ní ẹ̀rí. Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé e dé oko; mi ò jẹ́ kí wọ́n wà á lójú títì.

Nísinsìnyí tí mo ti fi ṣiṣẹ́, mo lè sọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nínú àkùrọ̀, kò lẹ́gbẹ́. Irin tó ń ro ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ń fọ́ ilẹ̀ ìrẹsì kúná, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ sì ń fa ara rẹ̀ jáde nínú ẹrẹ̀. Ó ń fa ọmọlanke gbágùúdá jáde láti ibi tí mọ́tò ò lè dé. Dísẹ̀lì tó ń mu kéré débi pé mo lè ṣe iṣẹ́ ilẹ̀ kékeré fún aládùúgbò kí n sì jèrè. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni a wà, ẹni tó bá ti wo Olúmọ mọ ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ wa. Níbi tí òkúta àti kùkùté bá wà, ọ̀bẹ irin yẹn á máa ṣẹ́. Nítorí náà, igbó tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, katakata ńlá ni mo ṣì ń háyà fún un lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn èyí ni kékeré á máa bójú tó o láti ọdún kejì. Ní ibi tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́ pẹ̀lú, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e gba ẹ̀gbẹ́ òkè, torí kò ní irin tó ń dáàbò bo orí awakọ̀ bó bá dojú dé.

Bí gbogbo ilẹ̀ yín bá jẹ́ olókùúta, tí ẹ kò ní àkùrọ̀, tí kò sì sí mẹkáníìkì tó mọ irú rẹ̀ nítòsí yín, ẹ fi owó yẹn háyà ńlá fún ọdún mélòó kan ná. Bí ẹ bá sì ní àkùrọ̀, ẹ wá a nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò àkọ́rọ̀ tó sọ gbogbo àgbẹ̀ di oníbàárà, ẹ sì dé ibẹ̀ láàárọ̀ kùtù.